Bí èmi àti àbúrò mi ṣe tún bàtà Bàámi ṣe

Bàtà tuntun méjì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàámi nínú páálí. Èmi ni mo ra ọ̀kan, àbúrò mi ọkùnrin ló ra èkejì. Tí a bá béèrè ìdí tí wọn ò fi wọ̀ ọ́, wọ́n á ní, "Mo ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn ni bàtà olókùn kan tó pupa bí obì, tí wọ́n ti ń wọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Awọ gidi ni, rírán ni wọ́n rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Aránbàtà ti pààrọ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, Bàámi ò lè jókòó sórí àpótí kí wọ́n kùn ún mọ́, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n pé ẹni ọdún 75, àbúrò mi pè mí: "Àǹtí mi, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkankan. Ẹ jẹ́ ká lọ tún bàtà yẹn ṣe."

Màámi ló bá wa jí i gbé. Oṣù Keje ni, òjò Ìbàdàn ò sì jẹ́ kí nǹkankan gbẹ. Nígbà tí a gbé e síta, a rí i pé ó ti bu, nǹkan funfun bí àtíkè ti gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìta náà la ti nù ún, torí kò dáa kéèyàn máa fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ símú. A tú okùn rẹ̀, a rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku kúrò, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha ojú ibi tí wọ́n rán. Lẹ́yìn náà, ìdérí ìgò fínígà kan, ìdérí omi kan, a fi ẹnu àkísà tọ́ ọ, a sì fi nu ibi tó bu. Ẹ má dà á lé bàtà lórí o.

Ìwé ìròyìn ló yẹ ká kì bọ̀ ọ́ nínú kó lè fa omi mu. Ta ló tún ń ra ìwé ìròyìn? Ọwọ́ ẹlẹ́pà la ti rí i. Ibẹ̀ la wà tí àbúrò mi fi lọ gbé bàtà náà sójú oòrùn. Mo pariwo! Awọ tó bá gbẹ lójú oòrùn á le, á sì là. Ọjọ́ méjì ló lò lábẹ́ òjìji, a sì ń pààrọ̀ bébà inú rẹ̀.

Kí n má purọ́, èmi náà ṣe tèmi. A pín in: èmi mú tòsì, òun mú tọ̀tún. A ní ká fi òrí díẹ̀ pa á kí awọ lè rọ̀. Òun fi ìka kan tọ́ ọ, èmi bu ún bí ẹni tó fẹ́ fi para. Ẹsẹ̀ òsì dúdú, ó ń yọ̀, pólíìṣì kọ̀, kò mú un. Mo ní láti nù ún, nù ún, kí n tó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Dùgbẹ̀ la ti ra pólíìṣì. Obìnrin tó tà á fún wa ní iléeṣẹ́ Bata ni Yorùbá ti rí orúkọ bàtà. Mo ní 1894 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè Crowther ní 1852. Ó wò mí títí. Kò dín náírà kan kù nínú owó rẹ̀.

Abẹ́ ahọ́n bàtà la ti kọ́kọ́ dán pólíìṣì náà wò, níbi tójú ò tó, bóyá àwọ̀ rẹ̀ bá a mu. Ó bá a mu. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń kùn ún nípọn. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kẹ́ ẹ máa fi àkísà yí i bírípo, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ti orí bàtà, a kán omi díẹ̀ sórí pólíìṣì bí àwọn sójà ṣe máa ń ṣe. Tọ̀tún ń kọ mànà. Tòsì náà dán, ṣáà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí, a gbé e síwájú Bàámi. Wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló kun tòsì?"

Àbúrò mi fi ẹnu júwe mi.

"Òrí ti pọ̀ jù. Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn wá."

Wọn ò béèrè àpótí, orí àga tí wọ́n wà náà ni wọ́n ti ki ọwọ́ òsì bọnú bàtà bí ìbọ̀wọ́, wọ́n wá ń gbá a: ṣàá, ṣàá, ṣàá. Màámi ní mọ́ínmọ́ín ti ń tutù o. Wọn ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n ṣe tòsì tán, wọ́n ní kí n gbé tọ̀tún náà wá.