Yìnyín ti yọ́ kó tó di ọjọ́ kejì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí oúnjẹ àti ohun mímu níbi ìpàgọ́

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ máa ń di ẹrù lọ pàgọ́. Àwọn kan á gba Ìgbẹ́tì lọ síbi àwókù Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn kan á gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wọ Old Oyo National Park, àwọn mìíràn á lọ sí etí adágún tó wà níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn. Àsìkò yìí kan náà ni ooru máa ń mú jù. Èmi ni mo ń bójú tó oúnjẹ fún ẹgbẹ́ tiwa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ìbéèrè wá bá mi. Mo ti kó àwọn tó ń wá léraléra jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A ra áìsì bùlọ́ọ̀kù ní Tákíé, a kó o sínú kúlà ńlá pẹ̀lú ìgò mínírà 24 àti píọ́ wọ́tà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la gbéra. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi lásán la bá nínú kúlà. Ṣé kúlà wa ni kò dára ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá kúlà lẹ́bi. Ṣé mínírà náà tutù kí ẹ tó kó o síbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé láti ṣọ́ọ̀bù tààrà ló ti wá, òun ló jẹ yìnyín yín tán. Ìgò 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì lítà, lítà 12 nìyẹn. Kí lítà 12 tó lè ti ìwọ̀n 35°C, tí í ṣe ooru ọ̀sán wa, wálẹ̀ dé 5°C, yóò yọ́ yìnyín tó ju kílò 4 lọ. Ẹnikẹ́ni ò tíì mu ìgò kan ṣoṣo tí kílò 4 fi ti lọ.

Iṣẹ́ yìnyín inú kúlà ni kó ṣọ́ òtútù tó ti wà nílẹ̀. Ilé ni kí ẹ ti mú nǹkan tutù. Gbogbo ohun tó máa wọ kúlà, ẹ jẹ́ kó sùn nínú fíríìjì mọ́jú. Kúlà fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kúlà ló jẹ́ pé inú yàrá ẹrù ló ń gbé láti ọdún tó kọjá, ooru ti wọ ara rẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ da píọ́ wọ́tà dídì díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ dé e pa, kí ẹ sì kó o kúrò láàárọ̀ kí ẹ tó to ẹrù gidi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé iná ìjọba ńkọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di omi láti bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, díẹ̀díẹ̀, torí fíríìsà tí a kó nǹkan gbígbóná kún lẹ́ẹ̀kan náà kò ní dì dáadáa. Àwọn tó ń ta yìnyín ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ fún wọn lówó díẹ̀, wọ́n á bá yín di ìgò omi tiyín. Ìgò omi dídì ló wù mí jù fún ìpàgọ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó yọ́ torí pé ó tóbi, kì í rin oúnjẹ, bó bá sì yọ́, omi mímu ni. Ẹ ṣáà fi àyè sílẹ̀ lókè ìgò. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ìgò tó bá kún dé ẹnu á bẹ́.

Bí ẹ bá ra búlọ́ọ̀kù, ẹ má fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí yìnyín tó ìlọ́po méjì ẹrù bí àyè bá gbà yín, kí ẹ sì fi aṣọ ìnura tàbí ìwé ìròyìn dí gbogbo àlàfo tó bá kù.

Lẹ́yìn náà, kúlà méjì ni kí ẹ gbé, ọ̀kan fún ohun mímu, ọ̀kan fún oúnjẹ. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní àgọ́: ọmọ kan á ṣí ìdérí, á gbé Fanta, á dá a padà, á máa wá Coke ní ìsàlẹ̀, ìdérí á wà lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n á sì máa tàkúrọ̀sọ lọ. Gbogbo afẹ́fẹ́ gbígbóná ọ̀sán ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ti mínírà bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n kúlà oúnjẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa ṣí i, nígbà tí a bá fẹ́ dáná nìkan.

Ìbéèrè: Ṣé kí a máa da omi tó bá yọ́ nù?

Ìdáhùn: Ti kúlà ohun mímu, ẹ fi í sílẹ̀. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ ṣì tutù bíi yìnyín, ó sì ń kan ara ìgò yípo. Ìgbà tí ẹ bá rí yìnyín tuntun rà ni kí ẹ dà á nù. Ti kúlà oúnjẹ, ẹ máa fà á kúrò, torí omi tó bá ti kan ẹran tútù lè gbé kòkòrò àìfojúrí dé inú gbogbo ike tó kù.

Ìbéèrè: Wọ́n ní bí a bá da iyọ̀ sí yìnyín, á tutù sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n á tètè yọ́. Bí àlejò bá dé lójijì tí ẹ fẹ́ kí ìgò méjì tutù kíákíá, ẹ fi iyọ̀ sí yìnyín díẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má da iyọ̀ sínú kúlà tó máa lo ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbéèrè: Owó kúlà gidi ò sí lọ́wọ́ wa, fóòmù funfun yẹn la ní. Níbo ni ká gbé e sí tí a bá dé àgọ́?

Ìdáhùn: Fóòmù ń ṣe dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé ó máa ń fọ́, ìdérí rẹ̀ kì í sì í le. Ẹ gbé e sínú Ghana-must-go, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ká a, ẹ fi okùn dì í lókè. Ẹ má fi í sínú búùtù ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn, ibẹ̀ gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Ẹ gbé e lórí igi tàbí òkúta kó má kan ilẹ̀ gbígbóná, lábẹ́ òjìji tó máa wà níbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Òjìji àárọ̀ máa ń tan èèyàn, kò ní í pẹ́ tó fi máa rìn lọ. Bó bá jẹ́ inú ọgbà ẹranko lẹ wà, ẹ so ìdérí mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ọ̀bọ mọ bí a ṣe ń ṣí nǹkan.

Ìbéèrè: Ọbẹ̀ ata wa máa ń kan ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ a sì ń gbé e kaná láràárọ̀. Ìrẹsì náà ńkọ́? Inú rírun ló gbẹ̀yìn ìpàgọ́ wa tó kọjá.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lójoojúmọ́ tí ooru bá mú báyìí, ìkòkò ńlá tí ẹ gbé kaná láàárọ̀ yóò wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di alẹ́, àárín ìwọ̀n 5°C sí 60°C sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ tó bá yẹ kó wà nínú òtútù kò gbọdọ̀ lo ju wákàtí 2 lọ níta. Bí ooru bá kọjá 32°C, wákàtí 1 péré ni. Ẹ tún wo ṣíbí tí gbogbo èèyàn ń tì bọ̀ ọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń dín ata títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tí òróró á fò sókè, màá fi í tutù, màá bù ú sínú àwọn ike kéékèèké tó tó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, màá sì dì í nínú fíríìsà. Ní àgọ́, ike kan ni à ń yọ fún oúnjẹ kan. A ó sè é kó hó dáadáa, a ó jẹ ẹ́ tán. Ike ọbẹ̀ dídì yìí náà ń ṣe iṣẹ́ yìnyín nínú kúlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná sínú kúlà láé.

Ti ìrẹsì ló léwu jù, torí àwọn èèyàn ò fura sí i. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Hóró rẹ̀ kì í kú bí ìrẹsì ṣe ń hó lórí iná, ìrẹsì tó bá sì wà nílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ ni yóò ti máa pọ̀ sí i, tí yóò sì tu májèlé jáde. Bí ẹ bá tún un gbé kaná, májèlé náà wà síbẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán ni kí ẹ sè. Èyí tó bá ṣẹ́ kù láti alẹ́, kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ ní àgọ́.

Ẹ to oúnjẹ yín bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ ẹran àti ẹja tútù. Ọjọ́ kejì, ẹ jẹ àwọn ohun tó dì. Láti ọjọ́ kẹta, oúnjẹ tí kò mọ yìnyín ni: gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, sadín inú agolo, tòmátì inú sáṣẹ́ẹ̀tì, mílíìkì ẹlẹ́bú. Ẹyin tútù tí kò sán, tí a kò tíì kó sínú fíríìjì rí, kò nílò òtútù fún ìwọ̀nba ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti sè é, ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà, ẹ jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Ọmọ Ajílété tó bá lọ pàgọ́ láìmú gààrí dání, mi ò mọ ohun tó ń rò.

Ìbéèrè: Bàbá àgbà wa sọ pé àmù ni àwọn fi ń mu omi tútù láyé àtijọ́. Ṣé ó lè rọ́pò kúlà?

Ìdáhùn: Fún omi mímu, bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Ẹ fi ọwọ́ kan ikùn àmù tí omi wà nínú rẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́: ó tutù, ó sì rin gbindin, omi ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú amọ̀. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru lọ kúrò lára èyí tó kù nínú. Ìdí nìyẹn tí àmù tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tàbí tó ń dán kò fi lè mú omi tutù. Ìdí náà nìyẹn tí kò fi ń ṣe dáadáa lásìkò òjò, torí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi.

Olùkọ́ kan láti ilẹ̀ Hausa, Mohammed Bah Abba, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí ní Jigawa. Ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn sáàárín méjèèjì, ó ń bu omi sí iyanrìn náà, ó sì fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Tòmátì àti ẹ̀fọ́ tó ń bàjẹ́ kíákíá wá ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ lọ́dún 2000. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀: ìkòkò méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada ní Ìlọrin, tàbí lọ́jà tó bá súnmọ́ yín, àti iyanrìn etídò. Ẹ gbé e sí òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ata, tòmátì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ọsàn àti omi ló wà fún. Kò lè tutù tó fún ẹran tàbí ẹja tútù.

Ìbéèrè: Zobo àti kùnù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ di zobo nínú ìgò, á ṣe bíi yìnyín títí dìgbà tí ẹ máa mu ún. Kùnù máa ń tètè kan, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ mu ún tán.

Ìbéèrè: Ní ọjọ́ kẹta, a rí ẹran kan ní ìsàlẹ̀ kúlà. Ó ti rọ̀, yìnyín ti tán, ṣùgbọ́n kò rùn. Ṣé ká sè é? Owó ẹran kì í ṣe kékeré.

Ìdáhùn: Mo mọ̀ pé ó dun yín. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú ẹran náà, tàbí tí tẹmómítà kékeré tí ẹ fi sínú kúlà bá fi hàn pé kò kọjá 5°C, ẹ sè é kíákíá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ ò sì mọ ìgbà tí yìnyín tán, ẹ má jẹ ẹ́. Imú ò lè sọ fún yín, torí ẹran lè léwu kó tó rùn, májèlé tí àwọn kòkòrò kan ń tu sílẹ̀ kò sì ń kúrò bí a bá sè é. Ẹ má jù ú sínú igbó o. Ẹranko á gba òórùn rẹ̀ wá bá yín lóru. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ẹ gbé e padà wálé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ó fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fún ọjọ́ mẹ́rin. Báwo ni kó ṣe máa tọ́jú ínsúlìn rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kó lọ, àmọ́ kí ẹ múra sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ínsúlìn kò gbọdọ̀ dì. Èyí tó bá ti dì rí ti bàjẹ́, kódà bó bá tún yọ́ padà, nítorí náà kò gbọdọ̀ kan yìnyín. Èyí tí a kò tíì ṣí, ìwọ̀n 2°C sí 8°C ni ààyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú èyí tí a ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọjọ́ 28 bí ooru kò bá kọjá 30°C, ṣùgbọ́n ìwé inú páálí oògùn tirẹ̀ àti apòògùn yín ni kí ẹ gbọ́ tiwọn. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn lọ́hùn-ún máa ń kọjá 30°C, ẹ má jẹ́ kó fi í sínú àpò tàbí ọkọ̀.

Ẹ fi sínú ike gbígbẹ tó dé pa, ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kó wà ní òkè pátápátá nínú kúlà oúnjẹ tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣí, jìnnà sí yìnyín. Ìkòkò méjì oníyanrìn yẹn náà dára fún èyí tó ń lò lọ́wọ́. Ẹ pín oògùn náà sí ọ̀nà méjì, kí olórí ẹgbẹ́ mú ìkan, kí òun fúnra rẹ̀ mú ìkejì. Kó mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà àti ohun dídùn dání. Kó sì máa wo ínsúlìn náà kó tó gún un: bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń mọ́ gaara, tó wá dà bí omi ẹ̀kọ, tàbí tí nǹkan dì nínú rẹ̀, kó má lò ó, kó mú èyí tó wà lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́.