Sípíkà tó ń kùn: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ariwo ti ń wá

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Àgbádárìgì, ẹ má tíì gbé amplifáyà yín lọ fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe o, torí ọ̀pọ̀ ìgbà wáyà ló ń fa ariwo yẹn.

Tó bá ń kùn "hùùùn" láìdákẹ́, iná ló ń wọnú ẹ̀, 50 Hz niná wa ń lọ, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀màádọ́ta ní sẹ́kọ́ńdì kan, ohùn ẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ pa á, ẹ yọ gbogbo wáyà tó ń gbé orin wọlé, ti dikódà, ti tẹlifíṣọ̀n, ti láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ wá tan amplifáyà nìkan. Tó bá ṣì ń kùn, inú ẹ̀ ló wà nìyẹn, ó lè jẹ́ kapásítọ̀ ńlá (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) tó wà níbi páwà ló ti kú, ẹ má tú u fúnra yín o, iná ṣì lè wà nínú nǹkan yẹn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ plọ́ọ̀gì. Tó bá dákẹ́, ẹ máa dá wáyà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá kì tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mú un. Ẹ wá ki gbogbo wọn sórí extension box kan ṣoṣo, ó sábà máa ń lọ. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà ẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ já wáyà ẹ́ẹ̀tì inú plọ́ọ̀gì, èyí tó ní gríìnì àti yẹ́lò lára, tó ń gbé iná tó bá já lọ sínú ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò! Ariwo lè lọ lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tíná bá já kan páálí irin amplifáyà, ara ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án ló máa gbà.

Tó bá ń ta "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" tẹ́ ẹ bá yí fólúùmù, eruku ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kan wáyà, ẹ wo ẹnu ẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ òkun tiwa níbí níyọ̀, ó máa ń jẹ irin, ẹ máa rí i tó dúdú tàbí tó ṣe gríìnì. Ẹ pa iná, ẹ fín contact cleaner (oògùn fífín tó ń fọ ẹnu wáyà) sí i, ẹ nù ún, ti fólúùmù náà ẹ fín in kẹ́ ẹ yí i lọ yí i bọ̀, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tan án.

Tó bá ń ṣe "tà-tà-tà", fóònù tó wà nítòsí ni, ẹ gbé e jìnnà.

Tó bá sì jẹ́ ìgbà tí NEPA bá lọ nìkan ló ń kùn, ínfátà yín ni, àwọn tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn àwọn tí iná wọn kì í lọ geere bíi ti NEPA, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.