Bí mo ṣe tọpa orúkọ tòlótòló káàkiri Yúróòpù

Orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe tòlótòló àti orílẹ̀-èdè Tọ́kì: turkey. Mo fẹ́ mọ ohun tó da àwọn méjèèjì pọ̀, ni mo bá ṣí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì fúnra wọn ni mo kọ́kọ́ yà sí. Hindi ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹyẹ Íńdíà. Ẹ̀rín pa mí: ẹni tí wọ́n ní òun ló lẹ́yẹ tún ń nàka sí ẹlòmíràn! Mo tẹ̀ síwájú. Dinde ni Faransé ń pè é, ti Íńdíà náà ni. Indyk ni ti Pólándì. Kalkoen tàwọn ará Netherlands tilẹ̀ dárúkọ ìlú: Calicut, èbúté Íńdíà tí Vasco da Gama, atukọ̀ ọmọ Potogí, gúnlẹ̀ sí ní 1498. Potogí ní peru. Gíríìkì ní galopoúla, tí gallo, àkùkọ lédè Ítálì, wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, Mẹ́síkò ni tòlótòló ti wá. Àwọn ará Sípéènì ló kó o wọ Yúróòpù lẹ́yìn 1500, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pe Amẹ́ríkà ní Íńdíà, nítorí náà orúkọ Faransé kò ṣàdédé.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ló gbà mí lásìkò jù. Nígbà tí mo fi ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà wé ìtàn òwò, awó ni mo bá nídìí rẹ̀, awó ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, tí àmì funfun wínníwínní kún ìyẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Tọ́kì ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi ń pè é ní turkey. Tòlótòló dé, wọ́n da ẹyẹ méjèèjì pọ̀; ìgbà tí wọ́n máa yà wọ́n sọ́tọ̀, àlejò ló gbé orúkọ lọ.

Sípéènì kò tiẹ̀ wá ìlú kankan. Pavo, orúkọ ọ̀kín, ni wọ́n gbé fún un. Ọ̀kín wá di pavo real, pavo ti ọba. Àwọn ará Mẹ́síkò ṣì ń sọ guajolote, ọ̀rọ̀ tó ti inú Nahuatl, èdè ìbílẹ̀ Mẹ́síkò, wá.

Orúkọ sáyẹ́ǹsì ni mo wò gbẹ̀yìn. Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, sọ ọ́ ní Meleagris gallopavo ní 1758. Meleagris ni Gíríìkì àtijọ́ ń pe awó. Gallopavo sì jẹ́ àkùkọ àti ọ̀kín tí wọ́n so pọ̀. Ẹyẹ mẹ́ta, kò sí tòlótòló níbẹ̀. Awó fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Numida meleagris.