Bí mo ṣe tọpa wárápá tó ń mú mi lójú oorun

Wárápá tèmi kì í mú mi lọ́sàn-án. Ìgbà tí mo bá ti sùn ló máa ń dé, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé láwọn àárọ̀ kan, mo máa ń jí tí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi á ti bó, gbogbo ara á máa ro mí bí ẹni tó gúnyán ìnáwó mọ́jú, orí á sì wúwo. Àlá kan náà ló ń ṣáájú irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀: òórùn rọ́bà tó ń jóná á gba imú mi, ẹ̀rù ńlá á bò mí, àlá á sì já síbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń sun yàrá kan ló rí ìyókù. Ó ní, "Àǹtí mi, ara yín gan lóru àná. Ọwọ́ ọ̀tún yín ń gbọ̀n, ẹ sì ń jẹnu lásán. Mo pè yín títí, ẹ ò dáhùn." Ẹnu jíjẹ yẹn ló da ilé rú. Nílé wa, ẹni tó bá ń jẹun lójú oorun, wọ́n ti ń bọ́ ọ lójú àlá nìyẹn. Wọ́n bá mi gbààwẹ̀, wọ́n bá mi ṣe àìsùn, mo sì mọrírì rẹ̀, torí ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n àìsùn yẹn gan-an wà lára ohun tó máa ń ru wárápá sókè.

Dókítà ọpọlọ tí mo rí n'Íbàdàn kò fojú kéré àlá mi. Ó ní irú wárápá kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ọpọlọ tó wà nítòsí etí, níbi tí òórùn, ẹ̀rù àti ìrántí ti ń ṣiṣẹ́. Ó lè mú kéèyàn gbóòórùn ohun tí kò sí níbẹ̀, kó sì máa jẹnu láìmọ̀. Rọ́bà tó ń jóná yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ wárápá fúnra rẹ̀ ni. Mo bú sẹ́kún. Ó wá sọ fún mi pé n kò dá nìkan wà: nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó-Ọrà, tó jáde lọ́dún 1987, ó lé ní èèyàn 5 tó ní in nínú gbogbo 1,000.

Ó ní kí n lọ máa kọ òru mi sílẹ̀. Mo fi okùn so báírò mọ́ ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Bí mo bá ti jí, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, màá kọ ìgbà tí mo sùn, bóyá mo lo oògùn tàbí mo gbàgbé, bí ahọ́n ṣe rí, bóyá ibùsùn tutù, àti àlá tí mo lá. Àbúrò mi á kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀: aago mélòó ni, ọwọ́ wo ló gbọ̀n, ó pẹ́ tó. Ó tún fi fóònù ya fídíò, èyí tó wúlò fún dókítà ju gbogbo àlàyé mi lọ. Mo kọ́ ọ pé kó yí mi sí ẹ̀gbẹ́, kó má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ mí lẹ́nu, bó bá sì kọjá ìṣẹ́jú 5, ká máa lọ sílé ìwòsàn.

Ìwé náà sọ̀rọ̀. Òru tí mo bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nítorí aṣọ ẹbí ló máa ń mú mi jù. Lóru tó bá sì mú mi, mi ò ń lá àlá mìíràn yàtọ̀ sí ti rọ́bà. Dókítà ṣàlàyé pé inú oorun tí ẹyinjú ti ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú, èyí tí àwọn olùṣèwádìí oorun, Aserinsky àti Kleitman, kọ nípa rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1953, ni àlá tó mọ́ kedere ti ń wá jù. Wárápá kì í sábà ráyè níbẹ̀. Inú oorun tó kù ló ti ń ṣọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá mú èèyàn lóru, ó máa ń dín oorun àlá kù. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kejì fi ń ṣú mi, tí n kì í rántí nǹkan.

Fún àyẹ̀wò EEG, ìyẹn àyẹ̀wò ọpọlọ tí wọ́n ń fi wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ṣe, wọ́n ní kí n tú irun dídì, kí n fọ orí láìfi òróró sí i, kí n má sì sùn dáadáa lálẹ́ tó ṣáájú. Ẹ̀rù wáyà ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í gbé iná wọ orí rárá. Iná tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń mú jáde ló ń kà. Wọ́n ní kí n máa mí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 3, wọ́n tan iná tó ń ṣẹ́jú sí mi, wọ́n wá ní kí n sùn. Ó hàn níbẹ̀ pé apá òsì ọpọlọ ni wárápá mi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní oògùn wárápá kan tó ń jẹ́ carbamazepine, díẹ̀díẹ̀ la sì ń fi kún un. Òòyì kọ́ mi níbẹ̀rẹ̀. Bí òru ṣe ń rọ̀ ni àlá ń padà: mo lá àlá ọjà Dùgbẹ̀, mo lá àlá ìyá mi àgbà tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún ẹbí pé ọ̀sán ni màá máa bá wọn gbàdúrà, wọ́n sì gbà. N kò dá oògùn dúró nítorí pé òru dákẹ́, torí dídá a dúró lójijì lè mú wárápá wá léraléra láìdáwọ́ dúró. Mo ṣì ń gbé ìwé náà lọ bá dókítà, òun la sì fi ń pinnu bóyá ká fi kún oògùn tàbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.