Mo dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe dá àwọn asingbèsè lóhùn rèé

Ní Houston níbí, ó ṣòro kí Yorùbá kan pẹ́ nílùú kí ẹnikẹ́ni má tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró fún òun láti yá owó ilé-ìwé. Ọmọ tó gba físà wá kàwé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Báǹkì aládàáni náà kì í sábà dá a lóhùn àfi kí ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú bá a tọwọ́ bọ̀wé. Mo tọwọ́ bọ̀wé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, báǹkì gbé gbèsè náà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá wọn sin owó, àwọn yẹn ò sì wá a kí wọ́n tó wá mi. Ẹni tó dúró fúnni jẹ gbèsè náà bí ẹni tó yá a gan-an ni.

Òṣómàáló ayé àtijọ́ á kúkú lóṣòó síwájú ilé rẹ kó o rójú ẹ̀. Orí fóònù ni tàwọn wọ̀nyí. Obìnrin kan pè mí ní ibi iṣẹ́, ó ní bí mi ò bá sanwó lọ́jọ́ yẹn, wọn á máa gé owó oṣù mi. Mo ní kó fún mi ní àdírẹ́sì wọn. Ó ní kí n ṣáà kọ́kọ́ san nǹkan, kódà kó jẹ́ $50. Mi ò san kọ́bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jí gbèsè tó ti kọjá àkókò ẹjọ́ dìde.

Irọ́ sì ni ti owó oṣù yẹn. Ayánilówó aládàáni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìdájọ́ nílé ẹjọ́. Àní bó gbà á, ìwé òfin ìpínlẹ̀ Texas ò jẹ́ kí wọ́n gé owó iṣẹ́ ẹni nítorí irú gbèsè yìí. Owó tó bá ti wọ báǹkì ni kí èèyàn máa ṣọ́, nítorí wọ́n lè fi ìdájọ́ gbẹ́sẹ̀ lé ìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: ìjọba lè gé tó ìdá 15 nínú 100 láìdé kóòtù, kò sì sí ọjọ́ tí gbèsè náà ń di àtijọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lórí studentaid.gov, ìkànnì ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, kó má tẹ̀ lé ọ̀nà tèmi.

Òfin tí mo gbára lé ni FDCPA, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń ká àwọn asingbèsè lọ́wọ́ kò, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1977. Ó ní kí asingbèsè fi ìwé àlàyé gbèsè ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 5 tó bá kọ́kọ́ kàn sí ẹ. Bí o bá kọ̀wé jiyàn láàárín ọjọ́ 30, wọ́n gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí wọn á fi mú ẹ̀rí wá. Kó o kọ̀wé ni mo wí o. Ariwo orí fóònù kì í ṣe ìwé.

Lẹ́tà mi ò ju ojú ewé kan lọ. Mo ní: "Mi ò gbà pé iye yìí tọ̀nà. Ta ló kọ́kọ́ yáni lówó? Èló ni ojú owó, èló ni èlé, èló lẹ fi kún un? Ọjọ́ wo lẹ gba owó kẹ́yìn? Ẹ má pe ibi iṣẹ́ mi mọ́, ọ̀gá mi ò fàyè gbà á." Mo lọ fi ránṣẹ́ ní posọ́fíìsì, mo sanwó kí ẹni tó bá gbà á lè tọwọ́ bọ̀wé. Káàdì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń dá ìbuwọ́lù náà padà fúnni (kì í ṣe green card tí gbogbo wa ń wá kiri o), mo sì fi pín-ìn-nì mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà mi.

Wọn ò dáwọ́ dúró. Ìyàwó àbúrò mi pè mí: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ń bi mí nípa gbèsè ilé-ìwé kan tẹ́ ẹ jẹ." Ìyẹn bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Wọ́n lè bi ẹlòmíì ní ibi tí mò ń gbé, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ gbèsè fún un. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ pè kí aago 8 àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago 9 alẹ́. Gbogbo ìpè ni mo kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sínú ìwé.

Ìwé owó tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ kò ní àwọn owó tí ọmọ náà ti san kí iṣẹ́ tó bọ́. A tẹ àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ̀ jáde, a fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà la sì fi ránṣẹ́. Mo tún fi ẹjọ́ wọn sun CFPB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo so káàdì àti àkọsílẹ̀ ìpè mọ́ ọn. Ohùn wọn yí padà. Lẹ́tà tuntun dé, iye gbèsè lọ sílẹ̀, ìpè náà sì dáwọ́ dúró.

Lọ́yà kan ní mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́ láàárín ọdún kan, kóòtù sì lè fún mi tó $1,000 yàtọ̀ sí àdánù mi, kí wọ́n tún san owó lọ́yà. Mi ò pè wọ́n. Àdéhùn ni mo fẹ́, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó san kọ́bọ̀. Mánì ọ́dà la fi ń san án, mi ò fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì. Ọmọ náà ti ríṣẹ́ báyìí, òun ló ń san án.

Ká ní ìwé ìpẹ̀jọ́ ti dé ni, mi ò bá má fi lẹ́tà fa á lọ fa á bọ̀. Ní kóòtù kékeré Texas, ọjọ́ 14 péré lèèyàn ní láti fèsì.