Bí a ṣe ń tú ahun Mahjong tán

Mahjong jẹ́ ayò àwọn ará Ṣáínà; èyí tí èèyàn kan ṣoṣo ń dá ta ti pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Géèmù Shanghai tí ilé-iṣẹ́ Activision gbé jáde ní 1986 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, òfin kan náà la sì fi ń ta á lórí fóònù lónìí. Ọmọ ayò 144, tó ní àwòrán lójú, ni wọ́n máa ń tò bí ahun, ní ìpele márùn-ún: 87 nísàlẹ̀, 36 lé e, lẹ́yìn náà 16, 4, àti ẹyọ kan ṣoṣo ní góńgó. Méjì-méjì tó jọra lẹ ó máa yọ wọ́n títí gbogbo wọn á fi tán.

Ọmọ tó ṣeé yọ ni èyí tí nǹkan kan ò gùn lé lórí, tí apá ọ̀tún tàbí apá òsì rẹ̀ sì ṣí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to iṣu jọ ní Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́: ta ni í fa ti ìsàlẹ̀ yọ nígbà tí ti òkè ṣì wà lórí rẹ̀? Ẹ má ta á nínú oòrùn o. Òjìji ara ọmọ la fi ń mọ èyí tó ga jù. Bí ojú fóònù bá ṣókùnkùn, ẹ ó kàn máa tẹ ọmọ tí kò ní í dáhùn ni.

Àwòrán ojú ọmọ la fi ń mọ èyí tó jọra: òbìrìkítí, ọparun àti lẹ́tà Ṣáínà lọ láti 1 dé 9. Afẹ́fẹ́ jẹ́ oríṣi mẹ́rin, dírágónì mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán wọ̀nyí ní ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin tó jọra. Ọparun 1 ló máa ń da èèyàn láàmú, torí ẹyẹ ni wọ́n sábà máa ń yà sí i. Òdòdó mẹ́rin àti ìgbà ọdún mẹ́rin ò jọra wọn, síbẹ̀ òdòdó kan bá òdòdó èyíkéyìí lọ, ìgbà bá ìgbà lọ.

Ìkánjú ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn láyò: wọ́n rí méjì tó jọra, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tayò gidi kọ́kọ́ ń kà á. Ẹ jẹ́ ká ní dírágónì pupa mẹ́ta ló ṣí: ọ̀kan ní góńgó, ọ̀kan ní ìparí ìlà gígùn, ẹ̀kẹta dá wà, kò dí ohunkóhun. Ti góńgó àti ti ìlà ni kẹ́ ẹ yọ. Bẹ́ ẹ bá fi ti góńgó sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀kẹrin wà, ayò ti kú nìyẹn: ọ̀kan ń dúró de èkejì tó gùn lé. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣí pa pọ̀, ẹ yọ gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀, méjì-méjì.

Yàtọ̀ sí góńgó tó bo ọmọ mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ tètè wá ẹnìkejì fún ọmọ tó dá dúró lápá òsì, torí ó dí ìlà méjì àárín pa. Lápá ọ̀tún, méjì ló tẹ̀ léra wọn. Ti ìta gbọ́dọ̀ kúrò kí ti inú tó ṣeé yọ.

Bí kò bá sí èjì mọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ fi Undo, bọ́tìnì tó ń dá ohun tẹ́ ẹ ṣe padà, padà síbi tẹ́ ẹ ti yan méjì nínú mẹ́ta, kẹ́ ẹ yan méjì mìíràn. Bí gbogbo ọ̀nà bá sì pin, ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe tò ó ni, torí àwọn géèmù kan kàn ń da ọmọ sílẹ̀ ṣáá ni, láìwò ó bóyá yóò tán.