Bí ẹ ṣe lè fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Kétu, ẹ má kàn tan tẹlifíṣàn sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá lọ máa tẹ fóònù o, sinimá nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo fídíò náà tán fúnra yín nílé, torí èmi ò wo tèmi tán lọ́jọ́ kan, àfi bí ìpolówó ọtí ṣe yọ sí wa láàárín, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Fídíò ìṣẹ́jú 5 ti tó. Ká ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí oníjó ti máa ń gbé igi gbígbẹ́ sórí, lẹ fẹ́ kọ́ wọn, èyí tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, ẹ kọ ìbéèrè méjì sójú pátákó kẹ́ ẹ tó tàn án: kí ni wọ́n gbẹ́ sórí igi yẹn? Ta ni wọ́n ń fi ijó náà yẹ́ sí? Ẹ pa ohùn rẹ̀ ná, ẹ dá a dúró níbi tí ẹsẹ̀ oníjó ti gbéra, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, ẹ wá tún tàn án pẹ̀lú ìlù, ẹ ó rí i pé wọ́n á gbọ́ bí ẹsẹ̀ àti ìlù ṣe ń dá ara wọn lóhùn. Tó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀, ẹ máa dá a dúró kẹ́ ẹ fi Yorùbá là á yé wọn.

Ẹ ti gba fídíò náà sórí fóònù ṣáájú o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé kí àwòrán lè hàn, kí àwọn ọmọ tó kúrú jókòó níwájú. Tó bá tán, kí wọ́n ya igi orí náà sínú ìwé.